Orin Kẹrin: Láti Títẹ̀ Dé Lílù

Orin mẹ́ta ti wà lórí tábìlì, àyè ẹ̀kẹrin ló ṣófo. Ọmọbìnrin tó jókòó tì mí ní pálọ̀ mi ní Yemẹtu wà ní SS2. Ìdánwò píánò Gíréèdì 6 ti àjọ ABRSM ti Lọ́ńdọ̀nù ló ń múra rẹ̀, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2020, tí ọmọ yóò tẹ orin níwájú kámẹ́rà, tí a ó sì fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́. Orin mẹ́rin ni yóò tẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, láìdá kámẹ́rà dúró. Àjọ náà ti to orin sí ìsọ̀rí A, B àti C, ọmọ á sì mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Ẹ̀kẹrin wà lọ́wọ́ ọmọ fúnra rẹ̀. Èyí tó bá wù ú ni kó mú, bó bá ṣáà ti tó ìpele tó wà. Máàkì 30 ló wà fún orin kọ̀ọ̀kan, 30 mìíràn sì wà fún bí gbogbo rẹ̀ ṣe rìn pọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 150, ẹni tó bá gba 100 ti yege.

"Ṣé èyí tó bá wù wá lóòótọ́ ni, ma?" ló bi mí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣí ìwé orin tó wà níwájú rẹ̀, ó tún pa á dé. "Ẹ má bínú, ma. Mi ò mọ èyí tó wù mí. Èyí tí wọ́n bá ní ká tẹ̀ ni mo máa ń tẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ọmọ náà kò parọ́. Bí mo bá bi ara mi ní ìbéèrè kan náà nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ̀, ohun tí màá fi dáhùn kò ní yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ti olùkọ́ tó kọ́ mi. Láti ìgbà tí orin òyìnbó ti wọ Ìbàdàn, ẹlòmíràn ló ń yan orin fún wa. Mo wá sọ fún un pé a ò ní í yan orin kankan lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kó jókòó, kí n sọ bí àyè òfìfo yẹn ṣe rìn títí tó fi dé ọwọ́ rẹ̀.

*

Ní 1851 ni David Hinderer, ọmọ Jámánì tí àjọ ajíhìnrere CMS rán níṣẹ́, kọ́kọ́ wá wo Ìbàdàn. Ní 1853 ó padà dé pẹ̀lú Anna ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Láti Kúdẹtì ni ìjọ ti bí ìjọ sí Àrẹ̀mọ àti Ògùnpa. Ẹsẹ̀ ni àwa ará Yemẹtu fi ń rìn dé Òkè Àrẹ̀mọ, nítorí náà ọ̀nà ibẹ̀ ni orin ìsìn gbà wọ agbo ilé wa. Àwọn Hinderer kó ọmọ sọ́dọ̀, wọ́n kọ́ wọn ní ìwé, wọ́n kọ́ wọn lórin. Orin ìlú Gẹ̀ẹ́sì àti ti Jámánì ni wọ́n mọ̀, òun náà ni wọ́n kọ́ wọn.

Wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ orin náà sí Yorùbá, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò ṣeé túmọ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí èdè wa ṣe rí. Igbá ni a fi ń bu omi, igba ni ogún lọ́nà mẹ́wàá, ìgbà ni àkókò, igbà ni okùn tí ẹlẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Orin tí wọ́n ṣe fún èdè Gẹ̀ẹ́sì kò mọ èyíkéyìí nínú wọn. Bí orin bá sọ̀ kalẹ̀ níbi tó yẹ kí ohùn wa gòkè, ogún tí a ń retí lọ́run á di ogun lẹ́nu gbogbo ìjọ. Àwọn òbí wa mọ̀ pé ó yí, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lórí, nítorí náà ọkàn wọn ń tún ohun tí etí gbọ́ ṣe.

Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ yìí karí ju gbogbo wọn lọ ni Thomas King Ekundayo Phillips, tó jókòó nídìí dùùrù Christ Church ní Èkó láti 1914 títí di 1962. Ó kọ orin Yorùbá tí ohùn rẹ̀ ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹnu, ó sì kọ ìwé lórí orin Yorùbá, tó jáde ní 1953, láti fi ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ àti orin ṣe so pọ̀ nínú èdè wa. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ sọ́kàn, nítorí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó kọrin lábẹ́ rẹ̀ ṣì ń bọ̀ nínú ìtàn yìí.

Ẹ̀bùn kan wà tí ìgbà yẹn fún wa tí a kì í dárúkọ. Orin sófà, dò-re-mí tí John Curwen tàn ká ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni wọ́n fi kọ́ àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Nígbà tó yá, àwọn olùkọ́ èdè náà mú un lò. Lónìí, ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò tíì rí píánò rí mọ̀ pé dò ni ohùn ìsàlẹ̀, re ni ti àárín, mí ni ti òkè. Bí tíṣà bá ní kó fi àmì sí "Ìbàdàn", dò-dò-dò ni yóò dáhùn. Mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mi fi píánò pe orúkọ ara rẹ̀. Ó rò ó díẹ̀, ó wá ohùn mẹ́ta, ó tẹ orúkọ náà jáde, ojú rẹ̀ sì là. Ọdún méje ló ti ń kọ́ píánò, kò sì sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè yẹn rí, títí kan èmi.

*

Ìdánwò dé tẹ̀ lé orin. Ní 1877 ni Trinity College ti Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ orin tó wà níta ilé ẹ̀kọ́ náà wò, ní 1889 wọ́n dá ABRSM sílẹ̀. Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ló tẹ̀ lé àsíá Gẹ̀ẹ́sì káàkiri ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso. Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901. Ìwé orin tó bá ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀ sí Èkó lè bá ọkọ̀ ojú irin dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ ìwé ẹ̀rí orin gbọ́dọ̀ tẹ ohun tó wà nínú ìwé náà: Bach, Clementi, Schumann. Mi ò ní ohun búburú kan láti sọ nípa wọn. Ìka mi ì bá má gbọ́n láìsí Bach. Mo kàn ń sọ ẹni tó ń yàn ni.

Ní 1962, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bàbá mi sì wà lára àwọn tó ń kọ báàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó mú mi lọ sídìí dùùrù kékeré tó wà nínú yàrá àwọn akọrin, irú èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí. Olùkọ́ mi gbé ìka mi lé e, ó ní, "Tẹ̀ ẹ́. Má gbé ọwọ́ kúrò." Ohùn náà ń lọ títí tí mo fi gbé ìka. Bẹ́ẹ̀ ni dùùrù ti ń ṣe: bí ọwọ́ bá ṣe wà lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohùn ń jáde. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé ẹnì kan ń "tẹ" dùùrù. Ọ̀rọ̀ náà tọ́.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, mo wọ ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin, mo sì rí píánò fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń tẹ dùùrù, ohùn rẹ̀ sì kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an, ó tún kú. Olùkọ́ wa ṣí ìdérí rẹ̀ sókè, ó ní kí n wò ó. Inú rẹ̀ kún fún òòlù kéékèèké tí wọ́n fi fẹ́ẹ̀tì wé lórí, wọ́n tò ní ẹsẹẹsẹ. Bí mo bá kan kíì kan lókè, òòlù kan á fò, á lu okùn irin, á padà sẹ́yìn. Kíì 88 ló wà níta, òòlù 88 ló wà nínú. Ẹnu yà mí. Ìlù ni wọ́n gbé sínú àpótí! Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó yí ọ̀rọ̀ padà. Ọ̀rọ̀ dùùrù la gbé lé píánò, ọwọ́ dùùrù la sì gbé lé e. A ń tẹ ohun tó yẹ ká lù.

Nígbà tí mo ṣe ìdánwò ní 1969, orin òde òní tí wọ́n fún mi jẹ́ ti Béla Bartók, ọmọ Hungary. Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé orúkọ orin náà, ṣùgbọ́n mi ò lè gbàgbé ohun tí olùkọ́ mi sọ nípa ẹni tó kọ ọ́. Ó ní ọkùnrin yìí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Zoltán Kodály gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wọ abúlé, wọ́n ń gba orin lẹ́nu àwọn àgbẹ̀. Ọwọ́ orin àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn ló wà lára Mikrokosmos, ìwé mẹ́fà tó kọ láàárín 1926 sí 1939, orin 153 láti ibi tí ọmọdé ti ń bẹ̀rẹ̀ dé ibi tí àgbà ti ń làágùn. Mo délé lọ́jọ́ náà, ìyá ìyá mi ń gún ẹ̀lùbọ́, ó ń kọrin sí i, odó ń dá a lóhùn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ń bi ara mi pé bí orin àgbẹ̀ Hungary bá lè wọ ìwé ìdánwò ọmọ Ìbàdàn, kí ló dé tí orin ìyá mi àgbà kò lè wọ̀ ọ́?

Ìdáhùn ti wà nílẹ̀ nígbà yẹn. Ohun tó ń dùn mí di òní nìyẹn. Ó wà nítòsí, kò kàn sí ẹni tó sọ fún mi.

*

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn nígbà náà. Yunifásítì ti wà láti 1948. Ní October 1959, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àgọ́dì, tí kò jìnnà sí Yemẹtu rárá. Ní 1961, àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀. Lọ́dún kan náà ni ilé ìtẹ̀wé yunifásítì wa tẹ ìwé Anthony King lórí orin ìbọ àwọn ará Èkìtì, tó kọ ìró ìlù wa sílẹ̀ ní àmì orin. Fẹlá Ṣówándé náà wá ṣiṣẹ́ ìwádìí ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Áfíríkà ní yunifásítì yìí. Ọmọ akọrin abẹ́ Phillips ni. Òun ló kọ African Suite ní 1944.

Akin Euba ni mo fẹ́ kí ọmọ mi mọ̀ dáadáa. Wọ́n bí i ní Èkó ní 1935, bàbá rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ fi í mọ píánò. Ó lọ sí Trinity College ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹ̀kọ́ kan náà tí ìdánwò rẹ̀ ń bá ọkọ̀ ojú omi wá bá wa. Ó gba oyè píánò níbẹ̀, ó padà wálé, ó ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ rédíò ìjọba àpapọ̀. Ní 1963 ó kọ Igi Nla So, ó fi píánò àti ìlù Yorùbá jókòó pa pọ̀ nínú rẹ̀. Ní 1964 ó kọ Four Pictures from Oyo Calabashes, àwòrán mẹ́rin láti ara igbá fínfín Ọ̀yọ́. Ẹ wò ó: igbá tí orin ìsìn lè sọ di igba tàbí ìgbà ti rí píánò tó mọ̀ ọ́n lójú. Ní 1970 ó kọ Scenes from Traditional Life.

Euba ló fún iṣẹ́ yìí lórúkọ, African pianism: ọ̀nà tí ọmọ Áfíríkà ń gbà lo píánò. Ohun tó rí ni mo rí lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ìdérí fún mi, ṣùgbọ́n òun ló mọ ohun tó yẹ kí a fi ṣe. Ohun èlò tó ní òòlù nínú kò jìnnà sí ìlù, agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, a lè lù ú bí ìlù, kí ohùn kan máa padà wá léraléra, kí ọwọ́ méjèèjì máa rìn ní ìrìn tó yàtọ̀ síra, kí orin sì máa tẹ̀ lé ohùn èdè wa.

Kò fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ó lọ sí yunifásítì Legon ní Ghana, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1974 lórí dùndún Yorùbá, lábẹ́ Kwabena Nketia. Ìwé tó jáde lórí rẹ̀ ní 1990 jẹ́ ọ̀kan nínú ìwé tó kún jù lọ lórí iṣẹ́ àwọn ọmọ Àyàn. Ẹni tó bá mọ agbo dùndún máa mọ orin rẹ̀. Gúdúgúdú ń sọ ohun kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kẹríkẹrì àti ìṣáájú dúró tì í, ìyáàlù nìkan ló ń rìn síwá sẹ́yìn tó ń sọ̀rọ̀. Nínú píánò, ọwọ́ òsì á di gúdúgúdú, ọwọ́ ọ̀tún á di ìyáàlù. Ẹ sì wo ọwọ́ onílù náà: ọwọ́ kan mú kọ̀ǹgọ́, ó ń lù, ọwọ́ kejì di ọṣán mú, ó ń fún un, ó ń tẹ̀ ẹ́, kí ohùn lè gòkè tàbí kó sọ̀. Títẹ̀ àti lílù jọ ń gbé nínú ìlù kan. Nídìí píánò nìkan la ti yà wọ́n sọ́tọ̀.

*

Euba kò dá nìkan ṣe é. Ayọ̀ Bánkọ́lé, tí wọ́n bí ní Jos ní 1935, lọ sí Guildhall ní Lọ́ńdọ̀nù àti Cambridge. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà tó kọ Nigerian Suite fún píánò ní ìparí àwọn ọdún 1950. Orin kúkúrú ni wọ́n, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ orin fún òṣùmàrè. Ó kú ní 1976 lẹ́ni ọdún mọ́kànlélógójì. Joshua Uzoigwe, ọmọ Igbo, kọ Talking Drums. Ọ̀kan nínú orin inú rẹ̀, Ukom, gba orúkọ lára ìlù tí wọ́n ń lù níbi ìsìnkú obìnrin. Òun náà ló kọ ìwé lórí ìgbésí ayé Euba, tó jáde ní 1992. Nketia sì wà ní Ghana, ó ń kọ orin píánò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ní 1994, méjìlá nínú orin tó kọ fún ìkọ́ni jáde nínú ìwé kan ní Accra.

Mo ti di olùkọ́ orin nígbà yẹn. Orúkọ wọn wà lẹ́nu wa, ìwé wọn ni kò sí lọ́wọ́. Ẹni tó bá lọ sí Ifẹ̀ tàbí Nsukka á rí ẹ̀dà kan, á ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀, èmi á ṣe fọ́tòkọ́pì fọ́tòkọ́pì, títí tí a ò fi mọ̀ bóyá ṣáàpù ni àbí àmì eṣinṣin. Ní 1995, ìwé Bode Omojola lórí orin kíkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà jáde níbí ní Ìbàdàn. Mo kà á bí ẹni tó rí lẹ́tà tó ti sọnù láti ìgbà èwe rẹ̀. Nígbà tó di 2007 sí 2008, William Chapman Nyaho, onípíánò tó jẹ́ ọmọ Ghana àti Amẹ́ríkà, kó orin píánò Áfíríkà àti ti àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà káàkiri ayé jọ sínú ìwé márùn-ún fún Oxford University Press. Ó tò wọ́n láti èyí tó rọrùn dé èyí tó le. Ilé ìtẹ̀wé Oxford kan náà tí a ń ra ìwé orin òyìnbó lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá ń ta tiwa. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé orin kò sí, orin ti wà o.

*

Mo gbọ́dọ̀ sọ àṣìṣe tèmi síbí, kí ẹlòmíràn má baà ṣe é. Ní bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, mo ní akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ yá. Inú mi dùn débi pé mo gbé Scenes from Traditional Life fún un. Bí ìlù Yorùbá ṣe wà nínú iṣẹ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni Euba to ohùn méjìlá inú píánò lọ́nà tí Schoenberg dá sílẹ̀ ní Vienna, tí kò fi sí ohùn tó jọ ilé fún etí. Àgbà orin ni. Ọmọ náà gbìyànjú fún oṣù mẹ́ta. Ó mọ ibi tí ìka ń lọ, ṣùgbọ́n kò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó rọra pa ìwé dé, ó ní, "Ma, bóyá orin ilé wa kò yẹ píánò." Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sí i lẹ́nu. Orin tó wù mí ni mo yàn fún un, mo sì rò pé nítorí pé orúkọ ọmọ Yorùbá wà lára rẹ̀, mi ò tíì ṣe ohun tí àwọn tó ń fi ìwé ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù ń ṣe.

Láti ìgbà náà, mo ní ohun tí mo ń wò kí n tó fi ọwọ́ sí orin òde òní fún ìdánwò. Mo ń wo ọwọ́: ṣé ó lè na kíì mẹ́jọ láìsí ìrora? Mo ń wo etí: ṣé ọmọ lè fi ẹsẹ̀ tẹ ìlù ọwọ́ òsì sílẹ̀ kó máa kọ ti ọwọ́ ọ̀tún lẹ́nu? Bí ẹnu kò bá lè gbé e, ìka kò ní í gbé e. Mo ń wo àwọn orin yòókù: bí A bá yára, tí B ń fà, tí C jẹ́ jáàsì, kí ni ẹ̀kẹrin fẹ́ mú wá tí kò sí nílé? Mo ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn orin tí àjọ náà tò fún ìpele yẹn, kí n rí i pé kò kéré sí wọn. Mo ń wo píánò tí ọmọ ní. Kíbọọ̀dù oníkíì 61 tó pọ̀ nílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kò ní ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni àwọn tó ń kọ orin bí ìlù fẹ́ràn. Bí ó bá sì jẹ́ píánò onígi, ọyẹ́ ń gbẹ ẹ́, òjò ń wú u. Kí a mọ oṣù tí a ó gba fídíò sílẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ìwé tí a rà ni a ó fi kọ́ ọ. Àwọn tó kọ orin wa jìyà tó, a ò gbọdọ̀ máa fi fọ́tòkọ́pì jẹ wọ́n níyà lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì la fi yan orin. Mo tẹ orin Bánkọ́lé fún un, mo tẹ Uzoigwe, mo tẹ Nketia. Mi ò sọ èyí tí mo fẹ́. Nígbà tí mo dé orí Play Time nínú ìwé Nketia, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí mi ẹsẹ̀. Ó ní kí n tún un ṣe. Ó dìde, ó pàtẹ́wọ́, ó fò, ó na ẹsẹ̀ síwájú, ó tún fò. Tẹ́ńtẹ́ń ni! Eré tí àwọn ọmọbìnrin ń ṣe níwájú ilé ní Yemẹtu, tí èmi náà ṣe níbẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ọwọ́ ń pa méjì, ẹsẹ̀ ń pa mẹ́ta, ẹni tí kò bá gbọ́ méjèèjì pọ̀ á kùnà.

"Èyí ni mo fẹ́, ma."

Mo bi í bóyá kò wù ú kó jẹ́ ti Yorùbá. Ó rò ó. Ó ní, "Ma, ṣebí ẹ ní ọ̀dọ̀ bàbá yìí ni Euba ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè lórí dùndún?" Bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ ọ́. Ó ti gbọ́ gbogbo ìtàn náà, ó sì fi yàn. Ó ní ti Bánkọ́lé di ọdún tó ń bọ̀.

*

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ ṣòro ni ọwọ́. Ó ń tẹ̀. Gbogbo ohùn ń jáde lọ́rà, wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara wọn. Mo ṣí ìdérí píánò fún un gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣí i fún mi, mo fi òòlù hàn án. Mo ní, "Òòlù kì í dúró lórí okùn. Ó ń lù ú, ó ń padà ni. Jẹ́ kí ọwọ́ rẹ padà." A pa píánò tì fún ọjọ́ mẹ́ta, a fi ìka lu tábìlì. Ó fi ọwọ́ òsì lu ìró tí kò yí padà, ó fi ọ̀tún sọ̀rọ̀ sórí rẹ̀. Nígbà tó padà sórí kíì, orin náà ti fúyẹ́.

Ẹ̀yìn ilé mi ni bàbá onílù kan ń gbé. Ó ti dàgbà, kì í jáde òde mọ́, ṣùgbọ́n ìyáàlù rẹ̀ ṣì wà lára ògiri. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń gbọ́ àwọn ọmọ mi láti ojú fèrèsé. Bí ó bá bá mi pàdé, á ní, "Ìyá Tíṣà, mo gbọ́ tí wọ́n ń tẹ dùùrù." Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, kì í fi kún un.

Ọjọ́ Sátidé la fẹ́ gba fídíò sílẹ̀, ní aago méje òwúrọ̀, kí ẹ̀rọ ìlọta tó bẹ̀rẹ̀, kí àwọn ọkọ̀ Micra tó máa fun fèrè lójú ọ̀nà Adéọ̀yọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Friday, ó tún orin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe látòkè délẹ̀. Ó parí ìkẹta, ó gbé ọwọ́ sí itan, ó mí, ó bẹ̀rẹ̀ ìkẹrin. Ó ti dé àárín rẹ̀ nígbà tí mo rí òjìji lójú fèrèsé. Bàbá onílù ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

"Ìyá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló ń lu nǹkan yẹn?"

Lu. Bí ó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mi ò lè dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ọmọ yìí ni, Bàbá."

Ọmọ náà ti kúnlẹ̀ kí i. Bàbá wò ó, ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀, ó tún kàn án, ìrìn gúdúgúdú gan-an. "Ọwọ́ òsì rẹ ń sáré," ó ní. "Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀. Ọmọ ìlù kì í sáré kọjá ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Tún un lù."

Ó padà jókòó. Bàbá ń fi ọ̀pá kanlẹ̀ fún un láti ojú fèrèsé. Ó lù ú.